Kẹ́hìndé Lọ Ṣẹ́gi

Láyé ìjọba àwọn Faransé, bí o bá dé Datcha tí o ní Pauline lò ń wá, àwọn ìyálọ́mọ á kọ́kọ́ wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Ìyá Òṣùwọ̀n ni, kíá ni wọ́n á nawọ́ sí ọ̀nà tó wá láti Atakpamé. Yẹ̀yẹ́ lorúkọ náà níbẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí obìnrin yìí ń lọ tí kò gbé òṣùwọ̀n ìwọnmọ dání: irin kan tó ní ìkọ́, pẹ̀lú àpò aṣọ tí wọ́n máa ń ki ọmọ bọ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì á yọ nísàlẹ̀ tí á máa ta. Nígbà tó yá, yẹ̀yẹ́ di orúkọ, Pauline náà sì ń jẹ́ ẹ láìbínú. Ó ga, ó tínrín, ó máa ń yára rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

Ọmọ Datcha náà ni. Fádáhùnsí, bàbá rẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀ tó ń bọ ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ bọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún òun pé kí òun dẹ́kun. Síbẹ̀ ó gbà kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ bá àwọn sisítà ní Atakpamé, nítorí ó ní ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè gbin iṣu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Pauline, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé àti ìṣirò. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó fẹ́ Gilbert, ọkùnrin oníwà tútù kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń jẹun. Lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan, tó ń ran dókítà lọ́wọ́.

Céline, ọmọ tó kọ́kọ́ bí, kú lákòókò tí wọ́n ń já a lẹ́nu ọmú. Ìgbẹ́ gbuuru ló ṣe é. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú aláìsàn lágbègbè náà nígbà yẹn sọ fún Pauline pé kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní ohunkóhun títí inú rẹ̀ á fi dá. Kò sọ pé òun rò bẹ́ẹ̀ o. Ó ní ó dájú. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run jókòó tì í tó ń sọ ọ́ sí i létí. Pauline, tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ayé, kò béèrè ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Céline sunkún oúnjẹ títí ohùn fi há a, nígbà tó yá kò sunkún mọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní "ó dájú" níwájú Pauline, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí wọ́n gbé Dókítà Étienne wá sí ilé ìwòsàn náà. Ọmọ Aného ni, létí òkun. Dakar ló ti kọ́ṣẹ́. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kéré, bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bu ẹ̀rín fún. Ohun tí Pauline fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé "n kò mọ̀" kì í wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá dókítà mìíràn tó ní irú ìwà yẹn fún mi, kí n lọ kí i nílé.

Àwọn ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú ló ń kú jù lágbègbè náà, Étienne sì fẹ́ mọ ohun tí a lè fi gbà wọ́n. Pauline ti ní tirẹ̀ lọ́kàn: ògì tí a fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti etí odò ní Nangbéto sè. Òun ló dán an wò títí ó fi dùn lẹ́nu ọmọ. Àwọn ọ̀gá ní Lomé gbójú lé wàrà inú agolo. Étienne ní kí ẹnikẹ́ni má jà. Àwọn ọmọ Datcha á máa mu ògì ẹlẹ́pàá, ti Kamina á máa mu wàrà, ti àdúgbò kan láàárín ìlú Atakpamé á máa gba ìmọ̀ràn lásán bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á wọn gbogbo wọn, wọ́n á wá fi ìpíndọ́gba ibì kan wé ti ibòmíràn. Èyí tó bá borí, Lomé á gbé e lọ sí gbogbo ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju ohun tí kòńgẹ́ lásán lè mú wá, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Pauline fẹ́ kí ògì náà borí. Ẹ má jẹ́ kí n fi bò: ó fẹ́ ẹ gan-an, ó ń gbàdúrà sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ Datcha, lábẹ́ igi máńgòrò, Àpọ̀kẹ́ wà lórí ìlà. Ìyàwó àgbẹ̀ kan ni, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já àkọ́bí rẹ̀ lẹ́nu ọmú, tí ojú rẹ̀ kò tíì gbàgbé oorun tó pàdánù.

"Ọmọ mélòó lẹ gbé wá?" Pauline bi í. Ìbéèrè tí kò dáa nìyẹn, òun náà sì mọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n Étienne ti ní kó béèrè.

"Ìbejì ni wọ́n," Àpọ̀kẹ́ dáhùn. "Táyé nìyí. Kẹ́hìndé lọ ṣẹ́gi."

 Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ wa lè rẹ́rìn-ín: ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, igi wo ló fẹ́ ṣẹ́? Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, bó ti rí lọ́dọ̀ àwọn ará etí òkun, ìbejì kì í kú. Ọ̀kan á lọ ṣẹ́gi nínú igbó, ó sì ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní òkú ń rán èyí tó kù lọ bá èkejì rẹ̀ nìyẹn. Kò sí obìnrin kan lábẹ́ igi náà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pauline tó ń gba kọmúníọ̀nù mọ̀ ọ́n bíi tiwọn.

Ó kọ Táyé. Ó yẹ kí kálámù rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó kọ Kẹ́hìndé sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó wọn Táyé. Àpọ̀kẹ́ yọ ọmọ náà kúrò nínú àpò, ó tú aṣọ funfun tó wà lára rẹ̀, ó fi aláró wé e, ó sì tún gbé e wá. "Kẹ́hìndé náà rèé, Ìyá Òṣùwọ̀n," ó wí. "Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Ìbejì," obìnrin kan kí i láti ẹ̀yìn, àwọn yòókù sì gbè é. Pauline wọn ọmọ náà, ó sì kọ ìwọ̀n kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ bá a wí, kó lọ jókòó ní ipò rẹ̀, kó wo ojú Àpọ̀kẹ́, kó wá sọ fún un níwájú gbogbo èrò pé ẹyọ kan lọmọ rẹ̀. Èmi kò lè sọ ọ́, ìwọ náà kò lè sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti di orúkọ méjì, ìgbákọ méjì. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wà nílẹ̀ ló ń gba ògì, orúkọ Kẹ́hìndé sì wà nílẹ̀. Àpọ̀kẹ́ á gba ti Táyé, á gba ti èkejì rẹ̀, Táyé á sì mu méjèèjì, nítorí ìbejì tó wà nílé ló ń jẹ ti èyí tó wà nínú igbó. Kí ọyẹ́ tó dé, ọrùn Táyé ti di ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo imú. Kò sí ọmọ tó tóbi tó o ní Datcha. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ògì ẹlẹ́pàá lè ṣe, Táyé ni wọ́n á nawọ́ sí. Pauline náà máa ń nawọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ ìkẹyìn tán ní Kamina, nítòsí àwókù ilé wáyà tí àwọn Jámánì fi ń ránṣẹ́ sílé wọn, Étienne àti Pauline padà sí ilé ìwòsàn, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Pauline ti da gbogbo ìwọ̀n ibì kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó ti pín in káríkárí, ó ti rí ìpíndọ́gba, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní moyenne. Ó da ojú ìwé náà délẹ̀.

"Ṣé kí n sọ ibi tó ga jù?" ó béèrè. Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Étienne fi ìka di etí méjèèjì bí ọmọdé. "Ẹ jọ̀ọ́, Madamu Pauline, ẹ má tíì sọ ọ́. A kò tíì yan ohun tí a ó fi wé wọn."

"Ẹ kàn fi ìpíndọ́gba wé ìpíndọ́gba. Èyí tó bá ga ló ga."

"Ó tì o." Étienne gbé ìka kúrò létí. "Ẹ jẹ́ ká ní ilé méjì ń pín ògì. Ìpíndọ́gba wọn kò fi bàbà kan yàtọ̀. Ní ilé kan, gbogbo ọmọ ló yó. Ní ilé kejì, ọ̀kan mu títí ó fi ń bì, àwọn yòókù ń sunkún. Ṣé ilé kan náà ni?"

"Rárá."

"Ìpíndọ́gba nìkan kò tó nìyẹn. A ní láti wo bí àwọn ọmọ ibì kan náà ṣe jìnnà síra wọn. Bí àwọn ọmọ Datcha fúnra wọn bá jìnnà síra gan-an, tí Datcha kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Kamina, kòńgẹ́ lásán lè ti ṣe é. Ká gbé ọmọ kan kúrò, ká gbé òmíràn wá, ó lè yí padà."

Ó ti yá ìwé kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń dán irúgbìn òwú wò. Àwọn àgbẹ̀ òkèèrè ló ń lo ọgbọ́n inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá oko kan so ju òmíràn lọ ní tòótọ́. Ọ̀nà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ìyẹn ló sì mú kí Étienne máa họrí. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ti ń fi ọmọ wé òun fúnra rẹ̀, bó ṣe wà nígbà kan àti bó ṣe wà nísinsìnyí. Kò wúlò níbí. Òṣùwọ̀n Kamina pẹ́ kó tó dé, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí àwọn ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ Datcha kì í ṣe ọmọ Kamina, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wé àwọn tó jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ wọ́n.

"Ká wá mú wọn ní méjì méjì," Pauline dámọ̀ràn. "Datcha àti Kamina. Datcha àti ìlú. Kamina àti ìlú."

"Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Bí mo bá sọ òkúta lu ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan tí ẹyìn já bọ́, ẹ lè ní mo mọ̀ ọ́n sọ. Bí mo bá ń sọ ọ́ léraléra, tí ọ̀kan wá bọ́ nígbẹ̀yìn, kí lẹ máa sọ?"

"Màá ní ẹ ti ba òkúta jẹ́."

Ẹ̀rín Étienne pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. "Ó dára. Ẹ̀ẹ̀kan la máa sọ ọ́. A ó mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. A ó wo bí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jìnnà síra, a ó wo bí àwọn ọmọ inú ibì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà síra, a ó fi èkíní wé èkejì. Bí èkíní bá ju èkejì lọ tó bí ìwé yìí ṣe ní kó jù ú, a jẹ́ pé kì í ṣe kòńgẹ́." Ó kọ ọ̀nà tó yàn sílẹ̀, ó kọ ọjọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i. "Ẹni tó bá rí ẹrù tán kó tó yan òṣùwọ̀n, olè ni," ó wí.

Pauline mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Ó ku àdéhùn kan," Étienne ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró. Ìwọ̀n ọmọ kan kò gbọdọ̀ ti ara ọmọ mìíràn wá. Ǹjẹ́ irú rẹ̀ wà láàárín wọn?"

Pauline gbójú kúrò lára dókítà. Ó wo àgbàlá, ó wo àwọn adìyẹ tó ń họlẹ̀. "Ọmọ ni gbogbo wọn, Dókítà," ó dáhùn.

Étienne gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Kí oòrùn tó rọ̀, ó gbórí sókè. Ògì borí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá ibi tí ìwé ní kó kọjá, ṣùgbọ́n ó kọjá. Ó dìde, ó bọ Pauline lọ́wọ́, ó ní òun á kọ̀wé sí Lomé lọ́jọ́ Ajé. Ayọ̀ dé inú Pauline lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró bá dókítà yọ̀, ó gba ilé lọ.

Ó sọ ọ́ fún Gilbert nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Gilbert, tí kì í sọ̀rọ̀ sí oúnjẹ, gbé òkèlè tó mú padà sínú àwo. Pauline mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

"Ọmọ kan ṣoṣo láàárín gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn," Gilbert sọ. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

"Àpọ̀kẹ́ kò purọ́, ìwọ kò purọ́. Ohun tí wọ́n sọ lo kọ. Àbí ògì náà kò dára ni?"

"Ó dára. Ìwọ náà mọ̀ pé ó dára."

"Ṣé ó dájú?"

Pauline la ẹnu láti sọ pé ó dájú. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n, ara rẹ̀ sì bù máṣọ bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́. Ó rántí ọkùnrin tó wá wo Céline. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ọkùnrin náà ṣe ènìyàn burúkú lọ́kàn ara rẹ̀. Lórí àwo oúnjẹ yẹn ló ti kọ́kọ́ rí i pé ọkùnrin náà kò burú. Ire ló ń fẹ́ fún ọmọ náà. Ó gba ohun tó sọ gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìwé Étienne bá dé Lomé pẹ̀lú Kẹ́hìndé nínú, ní ìlú kan tí Pauline kò ní dé láéláé, obìnrin kan á gbọ́mọ dání, wọ́n á sì sọ fún un pé ó dájú. Wàrà lè jẹ́ ohun tí ìbá gba ọmọ náà là. Òun kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀.

Kò lè jẹun mọ́. Gilbert kó àwo náà fúnra rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Pauline dúró de Étienne lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò jẹ́ kó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, aṣọ funfun, aṣọ aláró, ìgbákọ méjì. "Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní. "Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi, mo dá yín lóhùn bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ má bínú."

Ó ń retí kí dókítà jágbe. Étienne jókòó, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀.

"Kí ló ní Kẹ́hìndé lọ ṣe?"

"Ó ní ó lọ ṣẹ́gi."

"Bẹ́ẹ̀ làwa náà ń sọ ọ́ ní Aného," Étienne wí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lọ síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kí àwọn méjèèjì." Ó ṣí ìwé òwú náà. "Ká ní èmi ni mo di kálámù mú lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ̀ bóyá màá kọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n èdè yẹn kò sí nínú ìwé òwú yìí."

"Ẹ jẹ́ ká yọ Kẹ́hìndé, ká fi Táyé sílẹ̀."

"Táyé mu ti ẹni méjì. Kò sí ọmọ mìíràn ní Datcha tó mu bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tó tẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n ìgbákọ kan. Bí ọ̀kan bá ti lọ, èkejì ní láti..."

"Dókítà!" Pauline fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló sọ ọ́.

Étienne náà ti gbọ́ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka kan ilẹ̀ pẹlẹ́pẹlẹ́. "Orí ìwé ni mo ní lọ́kàn, Madamu Pauline. Orí ìwé lásán. Ọmọ náà á dàgbà."

Pauline ní òun fúnra òun lòun máa fà á. Ó mú kálámù, ó fa ìlà kan ṣoṣo la orúkọ méjèèjì já.

Étienne tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpíndọ́gba Datcha wálẹ̀. Àwọn ọmọ Datcha súnmọ́ra wọn sí i lóòótọ́, ìyẹn sì ṣe ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín àwọn ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dínkù jù. Kò dé ibi tó yẹ kó dé. Díẹ̀ báyìí ló kù.

"Ẹ fi Kamina sílẹ̀," Pauline ní. Ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn rẹ̀. "Ẹ fi Datcha wé ìlú nìkan, ní méjì méjì bí mo ṣe wí níjọ́sí. Ṣé kò ní kọjá?"

"Á kọjá." Étienne kò gbójú sókè. "Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ìdí tí mo fi fọwọ́ sí ìwé kí n tó wo nǹkan kan nìyí. Mo mọ ara mi."

Àwọn méjèèjì jókòó. Aláìsàn ti ń kó jọ níta, ẹnì kan ń wúkọ́.

"Ògì náà kò dára nìyẹn?" Pauline béèrè.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá àgùntàn lókùnkùn tí kò rí i, kò yẹ kó sọ pé kò sí àgùntàn. Mo ní a kò tíì rí i. Ọ̀tọ̀ ni 'kò sí', ọ̀tọ̀ ni 'a kò tíì rí i'. Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí Lomé, màá sì bẹ̀ wọ́n fún ọdún kan sí i, pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀ sí i."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn ará Lomé kò ráyè fún 'a kò tíì rí i'. Wọ́n kà á sí 'kò sí', wọ́n sì ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró, ògì àti wàrà. Inú ń bí mi títí di òní bí mo bá rántí èsì náà. Étienne kà á tán, ó fi í sábẹ́ ìwé òwú, ó sì lọ tọ́jú egbò ọkùnrin kan.

Pauline ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Datcha. Kò gbé òṣùwọ̀n dání lọ́jọ́ yẹn, àwọn ènìyàn sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé apá rẹ̀ kan ló já. Agboolé Ọ̀ṣuntókí ló kọ́kọ́ yà sí. Àgbà obìnrin ni, ó ti bímọ, ó ti tọ́ ọmọ ọmọ, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Pauline sọ fún un pé ògì ti tán. Ó sọ fún un pẹ̀lú pé òun ti fa ìlà pa orúkọ ìbejì Àpọ̀kẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá òun wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ọlọ́mọ.

"Ògì tán báwo?" Ọ̀ṣuntókí fi ọwọ́ lé ìdí. "Ta ló gbin àgbàdo? Lomé ni? Ta ló wu ẹ̀pà? Ẹja Nangbéto, ṣé inú agolo ló ti ń wẹ̀ ni? Kí wọ́n máa kó agolo wọn lọ, akpé, a dúpẹ́ o! Ìkòkò wa ń bẹ nílẹ̀ níbí. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ gbé ọlọ wá!"

Kí Pauline tó rí ibi jókòó sí, àwọn obìnrin ti ń dé pẹ̀lú àgbàdo àti ẹ̀pà. Ojú tì í pé òun kò ronú kan èyí. Ó ti ń gbé ìwọ̀n wọn káàkiri títí ó fi gbàgbé pé tiwọn ni ohun tó wà nínú ìkòkò. Ó kúnlẹ̀ ti ọlọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀pà. Kò mọ̀ bóyá ògì náà á gba ọmọ kankan là. Ó ń lọ̀ ọ́ láìmọ̀.

Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún Ọ̀ṣuntókí ti sọ ọ́ fún Datcha, ìdajì rẹ̀ ni yóò sì dé. Àpọ̀kẹ́ wọ agboolé náà pẹ̀lú Táyé lẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí iwájú Pauline.

"Wọ́n ní ẹ fa ìlà pa orúkọ Kẹ́hìndé."

Pauline dáwọ́ dúró. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì. Èmi ni."

"Táyé ńkọ́?"

 Ọ̀ṣuntókí, lẹ́yìn Àpọ̀kẹ́, ń mi orí fún Pauline: má sọ ọ́, má sọ ọ́. Irọ́ kékeré kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí. Pauline wo ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀ mọ́ ọn léjìká.

"Mo fa ìlà pa ti Táyé náà," ó wí. "Ìlà kan náà ni mo fi pa àwọn méjèèjì."

Àpọ̀kẹ́ kò mira. "Ẹ kò fi Táyé sílẹ̀ síbẹ̀ lóun nìkan?"

"Rárá."

Ọ̀dọ́bìnrin náà mí kanlẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń bẹ̀rù," ó wí. "Mo ṣe bí ẹ ti yà wọ́n ni."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó kúnlẹ̀ ti Pauline, ó fa ọlọ kejì mọ́ra, ó sì bu ẹ̀pà lé e.